Hilux dísù tó ń pẹ́ kó tó sítáàtì, tó sì ń gbọ̀n: ẹ má tíì ra nọ́sù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Hilux dísù 2.5 D-4D ọdún 2008 ni mo fi ń kó àgbàdo àti iṣu láti Ṣakí lọ sí Ìbàdàn. Ó ti rin 310,000 kìlómítà. Láti bí oṣù méjì sẹ́yìn, bí ilẹ̀ bá mọ́, màá yí kọ́kọ́rọ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹta, ìgbà kọ̀ọ̀kan tó ìṣẹ́jú àáyá 10, kó tó sítáàtì. Èéfín kankan kì í jáde nígbà tí mo bá ń yí i. Bó bá wá sítáàtì, èéfín funfun tó ń ta ojú á bo ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbọ̀n gan-an fún bí ìṣẹ́jú 5. Bó bá ti gbóná, kò sí wàhálà púpọ̀ mọ́, àfi pé ó ṣì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ ní sílò, nígbà tí mi ò tẹ tọ́tù. Mẹkáníìkì mi ní kí n lọ ra nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ sì kú ìnáwó ọkọ̀. Ẹ má tíì rà á. Ó ṣeé ṣe kí nọ́sù, ohun tó ń fọ́n dísù sínú sílíńdà, wà lára ohun tó ti gbó, torí 310,000 kìlómítà kì í ṣe eré fún nọ́sù kankan, pàápàá lórí irú dísù tí à ń rà káàkiri. Ṣùgbọ́n àlàyé yín jọ ti ọkọ̀ tí nǹkan méjì ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ra nọ́sù mẹ́rin, ẹ lè yanjú ọ̀kan, kí èkejì ṣì máa dúró dè yín láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ ti ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀ bí ẹ ṣe kíyè sí èéfín. Nígbà tí ẹ ń yí ẹ́ńjìnnì tí èéfín kò jáde rárá, ohun tó ń sọ ni pé dísù kò tíì wọ inú sílíńdà. Bó bá jẹ́ pé dísù ń wọlé, tí kò kàn gbaná ni, èéfín funfun á ti máa rú jáde ní salẹ́ńsà kó tó sítáàtì. Nítorí náà, yíyí gígùn yẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ dísù tí kò tètè dé, tàbí tó dé láìní agbára. Lẹ́yìn tó sítáàtì ni ìṣòro kejì bẹ̀rẹ̀: dísù ti ń wọlé báyìí, àmọ́ ó kéré tán sílíńdà kan kò lè sun ún títí ooru á fi dé ibẹ̀. Dísù tí kò jó ni èéfín funfun tó ń ta ojú yẹn. Bí òórùn rẹ̀ kò bá ta ojú, tó ń rùn bí ohun dídùn díẹ̀, tí omi réjétọ̀ sì ń dínkù láìjò sílẹ̀, ọ̀rọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́pù sílíńdà nìyẹn, ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ti yín kò jọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ́ńjìnnì yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ṣókí, torí láìmọ èyí, àyẹ̀wò tó kù kò ní yé èèyàn. Ẹ́ńjìnnì yín ni 2KD-FTV, 2,494 cc, irú tí wọ́n ń pè ní common rail. Kò sí pọ́ǹpù iná kankan nínú táńkì rẹ̀. Pọ́ǹpù Denso tó wà lára ẹ́ńjìnnì ló ń fi ara rẹ̀ fa dísù láti táńkì, gba inú fílítà, kó tó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú páìpù nípọn kan tí à ń pè ní réèlì. Nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń mu láti inú réèlì yìí, búréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, ló sì ń fi iná ṣí wọn. Bí agbára dísù nínú réèlì kò bá tíì tó, búréènì bọ́ọ̀sì kò ní ṣí nọ́sù. Ẹ lè yí i títí bàtírì á fi kú, kò ní jí. Ní sílò, tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, láàárín 30 sí 40 MPa (megapascal, ìwọ̀n agbára ìtẹ̀) ni agbára yẹn máa ń wà. Nígbà tí ẹ bá ń yí i, ó yẹ kó ti gun òkè bíi 25 MPa láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún mẹkáníìkì yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́ṣẹ́ lórí Hilux àtijọ́, àwọn tó ní ẹ́ńjìnnì 2L, 3L àti 5L. Lórí àwọn yẹn, èèyàn lè tú nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sù lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kó fi mọ sílíńdà tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dán ìyẹn wò lórí ọkọ̀ yín. MPa 1 jẹ́ báà 10, nítorí náà dísù tó wà nínú páìpù yẹn ní sílò ti ju báà 300 lọ, tí ẹ bá sì tẹ tọ́tù, ó lè kọjá 1,000. Bó bá tú jáde láti ihò tín-ín-rín, ó lè gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kódà bí ojú ibẹ̀ kò bá ju ihò kékeré lọ, torí iṣẹ́ abẹ ló máa ń gbà láti yọ dísù náà kó tó ba ẹran ara jẹ́. Ẹ má fi ọwọ́ wá ibi tó ń jò lára páìpù wọ̀nyí. Páálí ni ká fi wá a.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò náni lówó.

Ẹ kọ́kọ́ wo iná. Kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọkọ̀, ẹ fi mítà wọn bàtírì: 12.6 fólítì ni bàtírì tó kún. Bó bá wà nísàlẹ̀ 12.2, ẹ chájì í kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò mìíràn, ẹ má fi ebi bàtírì ka ẹ̀sùn sí dísù lọ́rùn. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan máa yí i, kí ẹ máa wo mítà: kò gbọ́dọ̀ já wálẹ̀ ju 9.6 fólítì lọ. Bó bá já bẹ́ẹ̀ tí bàtírì sì dára, ẹ wo wáyà áàsì tó so bàtírì mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi orí mítà kan sí orí odi bàtírì, kí èkejì wà lára irin ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan máa yí i. Bí mítà bá ka ju 0.5 fólítì lọ, wáyà tàbí ibi tó ti dè mọ́ ọn ti jẹrà. Rewáyà yóò mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo fi èyí ṣíwájú torí pé bí kíìkì sítátà bá ń yí lọ́ra, pọ́ǹpù náà ń yí lọ́ra, agbára réèlì kò sì ní tètè gòkè. Yíyí tí kò tó 150 RPM (ìyípo 150 láàárín ìṣẹ́jú kan) ti kéré jù.

Àyẹ̀wò tó ṣe pàtàkì jù fún yín nìyí, ìṣẹ́jú méjì ló gbà. Lórí fílítà dísù nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, pọ́ǹpù ọwọ́ kan wà tí wọ́n ń tẹ̀. Láàárọ̀, kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́ rárá, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí dísù bá dúró síbi tó yẹ ní gbogbo òru, ó yẹ kó le lọ́wọ́ yín lẹ́yìn ìtẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Bó bá rọ̀, tí ẹ ní láti tẹ̀ ẹ́ tó ìgbà 15 tàbí 20 kó tó le, dísù ti padà sínú táńkì lóru, afẹ́fẹ́ sì ti gba ipò rẹ̀. Nígbà tó bá ti le tán, ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́. Bó bá sítáàtì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ti rí ìdí tí ẹ fi ń yí i pẹ́, nọ́sù kọ́. Ẹ ṣe é fún àárọ̀ mẹ́ta kó lè dá yín lójú.

Kí ló dé tí dísù á fi padà? Afẹ́fẹ́ ń wọlé níbì kan láàárín táńkì àti pọ́ǹpù. Ìhà yìí ń fà ni, kò tẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi ní rí dísù tó ń jò síta níbẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: afẹ́fẹ́ ló ń wọlé. Ibi tó máa ń ṣẹlẹ̀ jù ni orí fílítà fúnra rẹ̀. Ike ni wọ́n fi ṣe pọ́ǹpù ọwọ́ yẹn. Ooru ẹ́ńjìnnì á mú un gan, á sì sán tín-ín-rín tí ojú lásán kò ní rí i. Èkejì ni róbà tó yí ẹnu fílítà ká, tí wọ́n tún lo ti àtijọ́ nígbà tí wọ́n pààrọ̀ fílítà, tàbí tí wọ́n gbé sí i láìfi dísù pa á lára. Ẹ̀kẹta ni àwọn róbà àti kílíìpù wọn, ní pàtàkì ibi tí ẹnì kan ti fi wáyà dè dípò kílíìpù.

Láti mọ ibi náà gan-an, ẹ wá kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tó mọ́ tónítóní, ẹ rọ dísù tó dára sí i, ẹ gbé e sókè ju fílítà lọ, kí ẹ sì so róbà láti inú rẹ̀ mọ́ ẹnu ibi tí dísù ń gbà wọ fílítà. Ẹ má ṣe yọ fílítà kúrò lọ́nà láé, pọ́ǹpù yẹn kò fẹ́ràn ìdọ̀tí kankan. Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ mọ́jú bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ìwé tíṣù gbígbẹ nu orí fílítà, ìdí rẹ̀, àti gbogbo róbà tó lọ sí pọ́ǹpù. Níwọ̀n ìgbà tí kẹ́ẹ̀gì ti wà lókè, dísù ń tẹ̀ síta báyìí, ibi tí tíṣù bá ti rin ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé lọ́jọ́ gbogbo. Bí gbogbo ibẹ̀ bá gbẹ tí ọkọ̀ sì sítáàtì kíá, páìpù tàbí róbà láàárín táńkì àti fílítà ló ń jò. Bí kò bá sí ibì kan tó rin, tí ọkọ̀ sì pẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ kó tó sítáàtì, ẹ gbàgbé afẹ́fẹ́. Ìṣòro wà lára pọ́ǹpù, tàbí lára nọ́sù. Kẹ́ẹ̀gì yẹn fún àyẹ̀wò ìsítáàtì nìkan ni o. Dísù tó ṣẹ́kù ń padà sí táńkì, kì í ṣe sínú rẹ̀, ó sì lè gbẹ lójijì bí ẹ bá fi rìn.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti wà nídìí fílítà, ẹ tú ojú ìdí rẹ̀ díẹ̀, ẹ fi ìgò funfun gba ohun tó bá jáde, kí ẹ sì máa tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ títí ìgò á fi kún ìdajì. Ẹ jẹ́ kó dúró mọ́jú. Omi á sọ̀kalẹ̀ sí ìdí ìgò, ìlà tó wà láàárín òun àti dísù á hàn gbangba. Ìdọ̀tí dúdú á wà lórí omi yẹn bó bá ti pẹ́ nínú táńkì. Bí omi bá wà, fífọ táńkì kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, torí fílítà tuntun á tún mu omi náà ni. Níbi tí dísù ti ń ti inú dúrọ́ọ̀mù jáde, ẹ pààrọ̀ fílítà ní 10,000 kìlómítà, ẹ má dúró de iye tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹrosíìnì tí wọ́n ń pò mọ́ dísù tún burú ní tirẹ̀: dísù ni ọ́ìlì tó ń mú ara pọ́ǹpù àti nọ́sù yín rọ̀, kẹrosíìnì kò ní ọ̀rá tó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ló kan síkánà. Síkánà olówó kékeré tó kàn ń ka kódù kò ní ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀, torí pípẹ́ kí ọkọ̀ tó sítáàtì sábà máa ń wáyé láìsí kódù kankan. Ẹni tó ní Techstream, ètò àyẹ̀wò Toyota fúnra wọn, tàbí síkánà tó lè ṣí ojú-ewé Toyota dáadáa, ni kí ẹ wá. Bí kódù bá wà, P0627 ń tọ́ka sí wáyà tàbí fáàfù SCV lára pọ́ǹpù (màá ṣàlàyé rẹ̀ láìpẹ́), P0088 àti P1229 ń sọ pé agbára réèlì ju ohun tí búréènì bọ́ọ̀sì bèèrè lọ, P0093 sì ń sọ pé dísù ń sọnù níbì kan. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó ń yí lójú síkánà nígbà tí ẹ bá ń yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ni mo fẹ́ kí ẹ wò jù. Ọkọ̀ tí wọ́n ti gbé dé ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì gbígbóná ti fi ìṣòro rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Ẹ bẹ oní síkánà kó wá bá yín, tàbí kí ẹ gbé ọkọ̀ sùn sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ẹ wo RPM nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Bó bá dúró sí 0 nígbà tí etí yín ń gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì ń yí, sẹ́ńsọ̀ kíráńkì, tó ń sọ fún búréènì bọ́ọ̀sì pé ẹ́ńjìnnì ń yí, tàbí wáyà rẹ̀ ni. Bí RPM bá wà, ẹ wo agbára réèlì. Bó bá gòkè kíá kọjá 25 MPa tí ọkọ̀ kò sì sítáàtì, dísù ti wà, ẹ wá ohun tí kò jẹ́ kó gbaná. Bó bá ń fà bí ìgbín, 5, 8, 12, tó sì dúró síbẹ̀, nǹkan mẹ́ta ló kù: dísù kò dé pọ́ǹpù dáadáa, èyí tí kẹ́ẹ̀gì ti dáhùn, SCV kò ṣí, tàbí nọ́sù ń da dísù padà ju bó ṣe yẹ lọ.

SCV ni fáàfù kékeré tí wáyà méjì wọ̀ lára pọ́ǹpù, òun ló ń pinnu iye dísù tí pọ́ǹpù á gbà. Bó bá ń há, RPM ní sílò á máa lọ sókè sódò fúnra rẹ̀, ọkọ̀ sì lè kú bí ẹ bá yọ ẹsẹ̀ lójijì. Ẹ kò mẹ́nu kan èyíkéyìí nínú méjèèjì, ìdí nìyẹn tí n kò fi fi í ṣíwájú fún ọkọ̀ yín. Fi mítà wọ̀n ọ́n nígbà tó tutù: bíi 2 ohm ni. Ṣùgbọ́n kíka 2 ohm kò sọ pé kò há. Ohun tó sọ kò ju pé wáyà inú rẹ̀ dára lọ. Bó bá di dandan láti pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n fọ gbogbo ara pọ́ǹpù kí wọ́n tó tú bóòtù méjì rẹ̀, torí ìyẹ̀pẹ̀ tó bá bọ́ sínú ihò yẹn, inú nọ́sù ló ń lọ. Tòkunbọ̀ SCV kò yẹ ní rírà. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni jíjẹrà inú, ẹ kò sì lè fi ojú rí ìyẹn lórí tábìlì ẹni tó ń tà á.

Ó kù nọ́sù. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀.

Nọ́sù common rail máa ń dá díẹ̀ nínú dísù tó gbà padà sí táńkì. Bí inú rẹ̀ bá ti jẹ, èyí tó ń dá padà á pọ̀ jù, réèlì kò sì ní rí agbára kó jọ nígbà tí kíìkì sítátà nìkan ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn, wọ́n á so ìgò kékeré mọ́ nọ́sù kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó ń dá dísù padà jù. Lórí 2KD, kò rọrùn bẹ́ẹ̀, torí páìpù ìpadà náà wà nísàlẹ̀ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà (ìdérí orí ẹ́ńjìnnì), kò sí níta. Ohun tí ẹ lè ṣe láìtú nǹkan ni pé kí wọ́n yọ róbà ìpadà níbi tó ti jáde, kí wọ́n dí ẹnu tó lọ sí táńkì, kí wọ́n fi ìgò gba ohun tó ń jáde nígbà tí ẹ bá ń yí i fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Bó bá ń kán tótó, kò burú. Bó bá ń ṣàn, nọ́sù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti jẹ.

Ohun mìíràn tún wà nínú bí wọ́n ṣe kọ́ ọ yìí. Bí wọ́ṣà páìpù ìpadà yẹn bá ń jò, inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni dísù ń bọ́ sí. Ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ. Bó bá ti ga ju ìlà òkè lọ láìjẹ́ pé ẹ bù ú kún, tó sì ń rùn bíi dísù, ẹ má rìn ín lọ Ìbàdàn kí wọ́n tó tú tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà wò. Ọ́ìlì tí dísù ti fọ̀ kò ní agbára mọ́ láti dáàbò bo bíárìn.

Ní ti gbígbọ̀n, síkánà tún ní ìdáhùn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tó sì wà ní sílò, kí oní síkánà ṣí Injection Feedback Val fún sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Búréènì bọ́ọ̀sì ń fi èyí sọ iye dísù tó ń fi kún tàbí tó ń yọ kúrò kí sílíńdà mẹ́rin lè máa ta dọ́gba. Láàárín -3 sí +3 kò burú. Bí ọ̀kan bá ti lé +3, sílíńdà yẹn kò lágbára, búréènì bọ́ọ̀sì ń bọ́ ọ ni: bóyá nọ́sù rẹ̀ ń fúnni ní díẹ̀, bóyá kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n rẹ̀, agbára tí písítìnnì fi ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ra, ti rẹlẹ̀. Bó bá lọ sísàlẹ̀ -3, nọ́sù yẹn ń da dísù sílẹ̀ ju ohun tí wọ́n ní kó dà lọ. Lẹ́yìn náà, kí ó lo àyẹ̀wò tó ń pa sílíńdà lọ́kọ̀ọ̀kan. Sílíńdà tó bá pa tí ẹ́ńjìnnì kò sì yí ohùn padà, òun ni kò ṣiṣẹ́. Bí nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá súnmọ́ra, tí RPM kò mì, tí ọkọ̀ sì ń gbọ̀n síbẹ̀, ẹ wo síìtì ẹ́ńjìnnì, róbà tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró, kí ẹ tó náwó sí dísù. Ọ̀pọ̀ nọ́sù ni wọ́n ti tà fún ọkọ̀ tí síìtì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti já.

Nọ́sù àti kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n: ẹ kò gbọdọ̀ ra ọ̀kan kí ẹ tó wọn èkejì. Techstream ní àyẹ̀wò tó ń pa dísù, tó sì ń ka bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń yára nígbà tí kíìkì sítátà ń yí i. Sílíńdà tó bá ń yára ju àwọn tó kù lọ kò ní agbára láti di kíìkì sítátà mú, kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ẹ fi géèjì gidi jẹ́rìí sí i, ihò hítà púlọ́ọ̀gì, ohun tó ń mú inú sílíńdà gbóná kó tó sítáàtì, ni wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n. Ìyàtọ̀ láàárín sílíńdà tó ga jù àti èyí tó kéré jù kò gbọdọ̀ ju báà 5 lọ. Sílíńdà tí kò tó báà 20 kò ní sun dísù dáadáa láàárọ̀, ẹ ì báà gbé nọ́sù wúrà sí i. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ táìmìngì bẹ́lítì láìpẹ́ yìí, kí wọ́n tún wo àmì rẹ̀ dáadáa, eyín kan tó fò tó láti mú ọkọ̀ pẹ́ kó tó sítáàtì.

Nígbà tí wọ́n bá yọ hítà púlọ́ọ̀gì fún àyẹ̀wò yẹn, kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Èyí tó dára máa ń ka bíi ohm 1 tàbí kó dín. Èyí tó ti já kò ní ka nǹkan kan. Dísù inú 2KD ń lọ tààrà sórí písítìnnì, nítorí náà ó lè sítáàtì láìsí hítà púlọ́ọ̀gì ní ojú ọjọ́ tiwa, kò dà bíi 2L tàbí 5L tí kì í gbà láìsí i. Ṣùgbọ́n nínú ọyẹ́ Òkè Ògùn, sílíńdà tó ti rẹ̀, tí hítà púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sì ti já, ni yóò kọ́kọ́ máa tú èéfín funfun. Èyí lè jẹ́ ìdajì ìṣòro kejì yín, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́sù.

Ohun kan tó ń pa irú ẹ́ńjìnnì yìí gan-an ni wọ́ṣà bàbà tó wà nísàlẹ̀ nọ́sù. Bó bá ti ń jò, iná láti inú sílíńdà á máa gòkè gba ẹ̀gbẹ́ nọ́sù lọ sábẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà. Ẹ lè gbọ́ ìró fúù-fúù-fúù láàárọ̀ tí yóò dákẹ́ nígbà tó bá gbóná. Ìdọ̀tí iná yẹn á sọ ọ́ìlì di ẹrẹ̀ dúdú, á sì di asẹ́ tó wà lẹ́nu pọ́ǹpù ọ́ìlì nínú sọ́ǹpù, àwo ọ́ìlì ìdí ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì á wá kàn dì lójijì lójú ọ̀nà. Nítorí náà, bí wọ́n bá tú nọ́sù yín tí wọ́n rí dúdú líle yíká ọrùn rẹ̀, kí wọ́n sọ sọ́ǹpù kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kan náà, kí wọ́n wo asẹ́, kí wọ́n fọ̀ ọ́. Ẹ má gbà kí wọ́n sọ fún yín pé ọ́ìlì tuntun á fọ̀ ọ́.

Bí gbogbo àyẹ̀wò bá wá fi hàn pé nọ́sù ni, ẹ gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sọ́dọ̀ kalibrétọ̀, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ yẹ nọ́sù wò, tó ní ẹ̀rọ common rail, kó fún yín ní ìwé tó fi iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dà hàn. Fífọ̀ nìkan kì í wo nọ́sù tí ìjókòó inú rẹ̀ ti jẹ sàn. Ó lè jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì péré ló ti bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ń dá a padà: wọ́ṣà bàbà tuntun sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, kì í ṣe èyí àtijọ́ tí wọ́n fi iná sun kó lè rọ̀ tí wọ́n tún lò, kí wọ́n gé ìjókòó rẹ̀ nínú tọ́pù sílíńdà mọ́ kí wọ́ṣà lè jókòó dáadáa, wọ́ṣà páìpù ìpadà tuntun, àti páìpù réèlì tuntun fún nọ́sù tó bá yí padà, torí páìpù àtijọ́ ti mọ ojú nọ́sù àtijọ́, ó sì lè jò lórí tuntun. Kí wọ́n fi tọ́ọ̀kì, sípánà tó ń wọn agbára ìdè, dè é gẹ́gẹ́ bí ìwé iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ṣe wí, kì í ṣe bí ọwọ́ bá ṣe lágbára tó. Kí wọ́n tó dé tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ páìpù ìpadà wò bóyá ó ń jò. Bí kódù (àwọn nọ́ńbà àti lẹ́tà tí wọ́n kọ sára nọ́sù, kì í ṣe kódù àìsàn) bá wà lórí nọ́sù, oní síkánà gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ sínú búréènì bọ́ọ̀sì. Bí kò bá ṣe é, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n lórí nọ́sù tuntun, wọn á sì tún sọ pé nọ́sù náà kò dára.

Títí ẹ ó fi ṣe àyẹ̀wò wọ̀nyí, ẹ máa tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, ẹ má yí i ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fún kíìkì sítátà ní ìsinmi ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó tún un yí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi aṣọ tó rin fún pẹtirólù sí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé láti ràn án lọ́wọ́. Pẹtirólù yẹn máa ń gbaná kí písítìnnì tó dé òkè, ó lè ṣẹ́ ọ̀pá písítìnnì, ó sì lè jó ẹni tó mú aṣọ náà dání. Bí ẹ bá ti rí iye tí síkánà kà, ti agbára réèlì nígbà tí ẹ ń yí i àti ti sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní sílò, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú ohun tí pọ́ǹpù ọwọ́ ṣe láàárọ̀ mẹ́ta yẹn. Láti ibẹ̀, a lè mọ èyí tí ẹ máa rà gan-an.